Àwo orin tí mo gbọ́ dópin lọ́dún 2024

Tí ọdún bá ti ń lọ sópin, àwọn ọ̀rẹ́ mi á bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé orin wo ni mo gbádùn jù. Mi ò kì í rí èsì fún wọn, torí orin kan kò tó mi. Odidi àwo ni mo máa ń wá, àwo tí olórin fara balẹ̀ tò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó jẹ́ pé tí èèyàn bá fo ọ̀kan nínú rẹ̀, ìyókù á dàrú.

Ilé wa ní Òkè-Àdó ni mo ti kọ́ ọ. Bàbá mi ní àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù kan lábẹ́ tábìlì. Ebenezer Obey àti Sunny Adé ló pọ̀ jù níbẹ̀, pẹ̀lú Dauda Epo-Àkàrà, ọmọ Ìbàdàn tiwa, tó fi àwúrèbe la ọ̀nà tirẹ̀. Nínú rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú ayé ìgbà yẹn, ojú kan àwo lè máa lọ láìdáwọ́ dúró. Wọ́n á fi àdúrà bẹ̀rẹ̀, wọ́n á bọ́ sínú òwe, wọ́n á ki olówó kan, gìtá á gbà á, gángan á gbà á lọ́wọ́ gìtá, kí ẹ tó mọ̀, abẹ́rẹ́ ti dé àárín. Bàbá mi kì í gbà kí ẹnikẹ́ni gbé abẹ́rẹ́ yẹn sókè. "Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ ẹ̀," ni wọ́n máa ń wí.

Etí tí wọ́n fi ìyẹn tọ́ dàgbà ni mo fi ń gbọ́ indie, ìyẹn orin àwọn tí kò gbára lé ilé iṣẹ́ orin ńlá, àti alté, orin àwọn ọ̀dọ́ ilé wa tó yà lọ́nà tiwọn, lónìí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé orin àwọn onígìtá òkè òkun wọ̀nyí jìnnà sí wa. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ rárá. Àwọn àwo tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, ẹni tó bá ti jókòó ti ojú kan rẹ́kọ́ọ̀dù jùjú rí, ó ti mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ wọn.

Diamond Jubilee ti Cindy Lee ni mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún náà gbọ́. Cindy Lee ni orúkọ tí Patrick Flegel fi ń kọrin, ọmọ Kánádà tó ti wà nínú ẹgbẹ́ Women tẹ́lẹ̀. Orin 32 ló wà nínú ẹ̀, ó sì lé ní wákàtí méjì. Nígbà tó jáde lóṣù kẹta, kò sí lórí Spotify, kò sí lórí Apple Music. Orí YouTube ni wọ́n gbé e sí, gbogbo ẹ̀ lódidi nínú fídíò kan ṣoṣo. Wọ́n tún fi sí ojú-ewé Geocities kan, irú ojú-ewé tí a máa ń rí nígbà tí a ṣì ń sanwó wákàtí ní káfè, kí ẹni tó bá fẹ́ lè dáńlóòdù ẹ̀, kó sì fi owó ránṣẹ́ bó bá wù ú. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú ìyẹn ni pé olórin náà kò dúró de ilé iṣẹ́ ńlá kankan kó tó fi iṣẹ́ ẹ̀ lé wa lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ náà ni kò gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ kó lè rọrùn fún ẹni tí kò ní sùúrù.

Dátà òru ni mo fi dáńlóòdù ẹ̀, ìyẹn èyí tó máa ń pọ́ọ́kú lẹ́yìn agogo méjìlá òru. Mo wá ń gbọ́ ọ níbi iṣẹ́. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Mọ́kọ́lá ni mo wà, èmi ni mo ń to ojú-ewé ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sórí kọ̀ǹpútà kó tó lọ sórí ẹ̀rọ. Iṣẹ́ tó gba ìfarabalẹ̀ ni, tábìlì ìṣirò kan ṣoṣo lè gba gbogbo òwúrọ̀ mọ́ èèyàn lọ́wọ́, nítorí náà wákàtí méjì kò pọ̀ jù. Ohùn àwo náà dà bíi pé rédíò àtijọ́ kan ló ń kọ láti yàrá kejì. Ohùn Cindy Lee tínrín, ó lọ sókè, bíi ti àwọn ẹgbẹ́ ọmọbìnrin tó ń kọrin ní Amẹ́ríkà láàárín ọdún 1960 sí 1969. Gìtá á máa rìn kiri, á dé ibi tó dára gan-an, orin á kàn dúró níbẹ̀ láìpalẹ̀mọ́. Ẹ gbọ́ "Dallas". Ẹ gbọ́ "If You Hear Me Crying", kí ẹ wá sọ fún mi bí àyà yín kò bá já. Apá kejì ẹ̀ rọ̀ díẹ̀ ju apá kìíní lọ, mo mọ̀, síbẹ̀ mi ò ní yọ ọ̀kankan kúrò. Lọ́jọ́ kan tí waya etí mi bàjẹ́ tí mo jẹ́ kó máa kọ síta, bàbá tó ń darí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa wá dúró lẹ́yìn mi. "Ọmọ mi, ta ló kọ eléyìí? Ó jọ ohun tí a máa ń gbọ́ nígbà tí mo wà ní ìwé mẹ́fà." Mo ní, "Bàbá, ọdún yìí ló jáde o." Wọn ò gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n wọn ò kúrò níbẹ̀ títí orin náà fi parí.

Àmọ́ tí wọ́n bá ní kí n mú àwo kan ṣoṣo, aládùúgbò wa ló ni ín. Mdou Moctar, ọmọ Tuareg láti orílẹ̀-èdè Niger, gbé Funeral for Justice jáde lóṣù karùn-ún. Tamasheq, èdè àwọn Tuareg, ló fi kọ ọ́. Ọwọ́ òsì ló fi ń ta gìtá. Nígbà tó wà lọ́mọdé, àwọn òbí ẹ̀ kò fẹ́ irú orin bẹ́ẹ̀, igi àti waya ìjánu kẹ̀kẹ́ ló fi kan gìtá àkọ́kọ́ tó ní. Ohun tí kì í sì í kúrò lọ́kàn mi ni pé Sókótó níhìn-ín ló ti gba ohùn àwo ẹ̀ àkọ́kọ́, Anar, sílẹ̀ lọ́dún 2008. Kò sí ẹni tó bá a tà á. Inú mẹ́mórì fóònù ni orin náà ti ń rìn, láti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì, títí ó fi tàn ká gbogbo aṣálẹ̀. Àwa tí a máa ń sanwó fún àwọn ọmọkùnrin tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ní Dugbẹ̀, kí wọ́n lè kó orin sínú mẹ́mórì wa látorí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún wa.

Inú bí Mdou Moctar nínú àwo tuntun yìí. Nínú orin àkọ́kọ́, ó ń bi àwọn olórí Áfíríkà léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ Faransé àti Amẹ́ríkà nìkan ló ń wọ̀ wọ́n létí. Nígbà tó bá dé "Oh France", kò fi ọ̀rọ̀ bọ abẹ́ ahọ́n sọ mọ́. Wọ́n ti gba ohùn àwo náà sílẹ̀ tán kí àwọn ológun tó gbàjọba ní Niger lóṣù keje ọdún 2023. Amẹ́ríkà ni òun àti ẹgbẹ́ olórin ẹ̀ wà nígbà tí ó ṣẹlẹ̀, tí wọn ò rí ọ̀nà padà sílé fún ìgbà díẹ̀. Àwa náà rántí àsìkò yẹn: ìjọba wa ti ẹnubodè, wọ́n gé iná tí wọ́n ń fún Niger, oṣù kẹta ọdún 2024 ni àṣẹ tó jáde pé kí wọ́n ṣí ẹnubodè. Ní gbogbo ìgbà tí à ń jiyàn nípa ogun àti ọ̀rọ̀ òṣèlú wọn ní ibi ìtajà ìwé ìròyìn, mi ò rí ẹni tó bi ara ẹ̀ léèrè pé kí ni àwọn ará ibẹ̀ fúnra wọn ń sọ. Àwo yìí sọ ọ́.

"Imouhar" ló mú mi jù. Ó ń bẹ àwọn ènìyàn ẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí Tamasheq kú, òun fúnra ẹ̀ sì wà lára ìwọ̀nba díẹ̀ tó mọ èdè náà kọ ládùúgbò ẹ̀. Ìlù Souleymane Ibrahim ń sáré, gìtá béèsì Mikey Coltun ń tì í lẹ́yìn, nígbà tí ọ̀rọ̀ bá sì tán lẹ́nu Mdou, gìtá ẹ̀ á máa bá ọ̀rọ̀ náà lọ bí gángan ṣe máa ń ṣe nígbà tí olórin bá mí. Ìwé Yorùbá fún àwọn ọmọ kékeré wà lára ohun tí mò ń tò níbi iṣẹ́. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, àṣẹ tí wọ́n fagi lé lọ́dún 2025, síbẹ̀ ní Ìbàdàn yìí, ìlú Yorùbá, ilé-ẹ̀kọ́ ṣì wà tó ń fìyà jẹ ọmọ tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì. Mo ń to lẹ́tà àti àmì ohùn, ọkùnrin yẹn ń kígbe létí mi pé kí àwọn ènìyàn òun di èdè wọn mú. Mi ò gbọ́ Tamasheq. Omi bọ́ lójú mi.

Ezra Collective náà ńkọ́? Àwọn kan á sọ pé jásì ni, kò kan indie. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́. Lọ́ndọ̀nù ni wọ́n wà. Fẹ́mi Kọ́léoṣó ló ń lu ìlù, àbúrò ẹ̀ TJ ń ta béèsì, Ifẹ́ Ògúnjọbí ń fọn fèrè. Tony Allen, onílù Fẹlá, wà lára àwọn tó tọ́ Fẹ́mi sọ́nà. Dance, No One's Watching jáde lóṣù kẹsàn-án. Ní sítúdíò Abbey Road ni wọ́n ti gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀, wọ́n pe ẹbí àti ọ̀rẹ́ jọ kí wọ́n máa jó bí àwọn ti ń lù ú, ẹ máa gbọ́ ọ nínú ẹ̀ pé ijó wà níbẹ̀. Wọ́n sọ orin kan nínú ẹ̀ ní "Ajala", ní orúkọ Mọshood Ọlábísí Àjàlá tó fi Vespa, alùpùpù kékeré kan, rin ayé ká, tí Obey ti kọ lórin kí wọ́n tó bí mi. Títí dòní, ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ kò bá gbélé, Àjàlá là ń pè é. Inú Micra ni mo wà láti Mọ́kọ́lá lọ sílé nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo ń mi orí láìmọ̀. Awakọ̀ ní, "Àǹtí, kí lẹ̀ ń gbọ́ tó dùn tó báyìí? Ẹ jẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ." A so fóònù mi mọ́ rédíò ọkọ̀, a sì gbọ́ ọ títí a fi kọjá Dugbẹ̀.

Songs of a Lost World ti The Cure, ẹgbẹ́ onígìtá láti Gẹ̀ẹ́sì, gba ohun mìíràn lọ́wọ́ èèyàn. Ọdún 16 ni wọn ò fi gbé àwo tuntun jáde. Èyí jáde lọ́jọ́ kìíní oṣù kọkànlá, orin mẹ́jọ péré. Nínú "Alone", ó lé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta kí Robert Smith, akọrin wọn, tó la ẹnu. Nínú "Endsong", èyí tó gbẹ̀yìn, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ń fo orin kò ní gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn rárá. Ó kọ ọ̀kan fún ẹ̀gbọ́n ẹ̀ tó kú, "I Can Never Say Goodbye", kò sì fi ọ̀rọ̀ ńlá ńlá ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, ó kàn ń tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ bí ọ̀fọ̀ ṣe máa ń mú èèyàn tún ọ̀rọ̀ sọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni iná gbogbo orílẹ̀-èdè tún wó lulẹ̀, ariwo jẹnẹrétọ̀ gba àdúgbò kan. Mo dúró di òru tí gbogbo wọn pa á kí n tó gbọ́ àwo náà.

Beth Gibbons, akọrin ẹgbẹ́ Portishead láti Gẹ̀ẹ́sì, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà tó gbé Lives Outgrown jáde, àwo àkọ́kọ́ tó dá ṣe lórúkọ ara ẹ̀ nìkan. Ikú àwọn tó mọ̀, ara tó ń yí padà, nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró: ohun tí àwọn ìyá wa máa ń sọ fún ara wọn nìkan, ó kọ ọ́ síta. Lee Harris tó lu ìlù ẹ̀ fi dúrọ́ọ̀ onígi àti ike oúnjẹ ṣe ìlù, ìyẹn ni ìlù náà ṣe dún bíi pé inú ilé ìdáná ni wọ́n wà. Mo fi "Floating on a Moment" han ìyá mi, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ní kí n tún un fi sí i.

Here in the Pitch ti Jessica Pratt kò tó ìdajì wákàtí, kò sí ohun tí ẹ lè yọ níbẹ̀. Bright Future ti Adrianne Lenker náà dára, orí téèpù ni wọ́n gbà á sí, "Real House" tó ṣíwájú ẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo jù fún òwúrọ̀. Lára ti ilé, Pan African Rockstar ti Lady Donli ni mo ṣì ń gbọ́ jù, àmọ́ ọdún 2023 ni tiẹ̀, kò lè wọ inú èyí.

Àbúrò mi tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn ń bínú pé mi ò fi Manning Fireworks ti MJ Lenderman kún un. Mo ti gbọ́ ọ dópin, gìtá ẹ̀ dùn, ọ̀rọ̀ ẹ̀ náà mọ́gbọ́n dání, àmọ́ kò tíì dá mi dúró lẹ́nu iṣẹ́ rí. Tigers Blood ti Waxahatchee, níbi tí Lenderman ti bá a gbè é nínú "Right Back to It", ni mo mú dípò ẹ̀. Àbúrò mi ní òun á wá sílé lópin ọ̀sẹ̀ láti wá bá mi jiyàn lé e lórí; mo ní kó gbé ẹ̀rọ orin ẹ̀ wá.