Ẹ̀gbọ́n Ìyàwó Mi Ju Bọ́ọ̀lù

Ní Houston níbí, ìrẹsì àjọ̀dún Thanksgiving kì í tíì jinná tí bọ́ọ̀lù ará Amẹ́ríkà ti ń gbòde, lórí tẹlifíṣọ̀n àti ní pápá ẹ̀yìnkùlé. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi ni quarterback wa, ẹni tí ń ju bọ́ọ̀lù. Kò sẹ́ni tó yàn wọ́n. Àwọn ló ra bọ́ọ̀lù. Èmi ni running back, ẹni tí ń gbé bọ́ọ̀lù sáré.

Ìfẹ́ tí Ẹ̀gbọ́n ní sí Christian McCaffrey, running back bíi tèmi, ló kó bá mi. Lọ́dún 2019, nígbà tó wà ní ẹgbẹ́ Carolina Panthers, bọ́ọ̀lù 116 ni ọkùnrin yẹn gbà láti ọwọ́ quarterback, bẹ́ẹ̀ eré sísá gan-an niṣẹ́ rẹ̀. Ni Ẹ̀gbọ́n bá ní screen la máa ṣe. Àwọn géńdé mẹ́ta tó wà níwájú á díbọ́n bí ẹni tí agbára wọn ò gbé e, kí àwọn ọ̀tá lè ya wọlé. Bí ọ̀tá bá ti ń lé quarterback bọ̀, yóò ju bọ́ọ̀lù gba orí wọn kọjá sí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́, géńdé á ṣáájú, wọ́n á máa lanà, èmi á máa tẹ̀lé wọn.

Àwọn géńdé tiwa ńkọ́? Àbúrò bàbá ìyàwó mi méjì àti ọ̀rẹ́ wọn kan ni, àwọn tó ti ń tọ́ tòlótòló wò láti àárọ̀. Ti pé kí ọ̀tá kọjá, wọ́n ṣe é láìdíbọ́n rárá. Ó wá ku ti ọ̀nà lílà. Wọ́n dúró, wọ́n fọwọ́ lé ìbàdí, wọ́n ń wòran.

Ojú Ẹ̀gbọ́n ṣú, bọ́ọ̀lù bọ́ lọ́wọ́ wọn gba ẹ̀yìn mi, ó balẹ̀ gbì.

Ibi tí wàhálà wà nìyí o. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù síwájú, tó bá ti balẹ̀, ó ti kú. Èyí tí wọ́n jù sẹ́yìn ṣì wà láàyè. Ẹni tó bá gbé e ló ni ín. Lójú tiwa, ó ti kú. Géńdé kan tilẹ̀ ti kọrí sídìí kúlà. Ni ọmọ aládùúgbò wa kan tó wà lẹ́gbẹ́ kejì, kékeré báyìí, bá gbé bọ́ọ̀lù. Kò tiẹ̀ sáré. Ó rọra rìn dé òpin pápá wa, ó gba touchdown, bíi góòlù tiwọn nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ní iwájú làwọn jù ú sí. Ìyàwó mi na fóònù sí wọn: “Bọ̀dá mi, ẹ wá wo fídíò.” Wọ́n ní fóònù náà ló wọ́.

Bàbá ìyàwó mi, tó ṣì ń sọ̀rọ̀ Christian Okoye, ọmọ Nàìjíríà tó sá yáàdì 1,480 fún Kansas City lọ́dún 1989, wá dá sí i látorí àga.

“Ìgbésẹ̀ mélòó ló wà láàárín ẹ̀yin méjèèjì?”

“Kò ju mẹ́ta lọ, sà.”

“Mẹ́ta! Wọ́n ń gbé e lé Okoye lọ́wọ́, ìwọ ń sọ nǹkan lu ọkọ àbúrò rẹ.”

“Bàbá, screen ni.”

“Screen kọ́, screen ni. Fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún un.”