Ará Àárín Ọ̀nà

Aago mẹ́fà àárọ̀ ti kọjá díẹ̀, ilẹ̀ kò tí ì mọ́ rárá, èmi nìkan ni mo sì wọ bọ́ọ̀sì ní Selkirk lọ́jọ́ náà. Bọ́ọ̀sì alájà méjì ni. Dírẹ́bà wo aago, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó gbéra. Mo bojú wẹ̀yìn, àga ṣófo láti iwájú dé ìdí. Mo gun àtẹ̀gùn lọ wo òkè, bákan náà ni. Ọ̀sẹ̀ kejì mi nìyẹn ní Scotland, àánú ọkùnrin náà sì ṣe mí gan-an. Ní gáréèjì Ọjọ́ọ̀ n'Ìbàdàn, dírẹ́bà tó bá fi èrò ẹyọ kan gbéra, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀ nílé.

Bọ́ọ̀sì tí mò ń sọ yìí ni X95. Edinburgh ló ti ń gbéra, á gba Galashiels, Selkirk, Hawick àti Langholm kọjá, kó tó ré ibodè wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Carlisle. Gbogbo rẹ̀ tó nǹkan bíi kìlómítà 150. Ìbàdàn sí Ìlọrin, tí èèyàn bá gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, tó nǹkan bíi 160. Ọ̀nà méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn bákan náà: ìlú ńlá wà lókè, ìlú ńlá wà nísàlẹ̀, àwọn ìlú kéékèèké wà láàárín. Fìdítì ni wọ́n bí mi sí, lójú ọ̀nà ti ilé. Selkirk ni mò ń gbé báyìí, lójú ọ̀nà ti ibí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń dákẹ́ nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi bá ń fi Èkó wé London. Èmi ò mọ ti ẹni tó ń gbé níbi tí ọkọ̀ ti ń gbéra. Ti ẹni tí ọkọ̀ ń bá lọ́nà ni mo mọ̀.

Ẹni tí kò dàgbà nírú ibẹ̀ lè rò pé bí títì bá ti gba iwájú ilé ẹni kọjá, wàhálà ọkọ̀ ti tán nìyẹn. Títì tiwa lọ́jọ́ lórí dáadáa. Reluwé kò gba Ọ̀yọ́, Òṣogbo ló gbà lọ sí Ìlọrin, nítorí náà ìjọba òyìnbó la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní 1906, òun sì ni wọ́n máa ń kà sí ọ̀nà mọ́tò àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí mọ́tò ti ń gba ọ̀dọ̀ wa kọjá. Kíkọjá náà ni wọ́n kúkú ń kọjá.

Nígbà tí mo wà ní LAUTECH, yunifásítì tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí mo bá lọ sílé ni mo máa ń dúró lẹ́bàá títì pẹ̀lú báàgì mi àti gàrí tí ìyá mi dì fún mi. Bọ́ọ̀sì tó ti kún láti Ọjọ́ọ̀ kò ní wojú ẹ. Èyí tó bá dúró, ẹnì kan ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àga ẹni náà sì ni ìwọ àti èèyàn márùn-ún jọ máa du. Kí o tó jókòó tán, o ti gbọ́ iye owó: iye tí ẹni tó wọlé n'Ìbàdàn san náà ni wàá san. Mo bá dírẹ́bà kan jà rí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ wò ó, ṣé kí n gé àga sí méjì ni?" Mi ò rí èsì fọ̀. Lójú tirẹ̀, àga Ìlọrin ni, Ìlọrin ló sì ń lọ. Pé mo dúró sí Fìdítì, ẹjọ́ àwọn òbí mi nìyẹn.

Bí n kò bá rí èyí tó ń lọ tààrà, mo máa ń wọ mikra dé Ọ̀wọ́dé l'Ọ́yọ̀ọ́, kí n tó tún wá ti Ògbómọ̀ṣọ́. Níbẹ̀ ni mo ti wá mọ bí gáréèjì ṣe ń rí lára ẹni tó ń kánjú. "Ó ku ẹyọ kan! Ó ku ẹyọ kan o!" Agbèrò lè fi wákàtí kan gbáko wá ẹyọ kan yẹn. Ìgbà kan wà tí mo wọlé, mo rí i pé ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, inú mi dùn. Bí èrò gidi ṣe ń wọlé ni àwọn tí mo bá nínú ọkọ̀ ń bọ́ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n kàn kó wọn jókòó síbẹ̀ kí ọkọ̀ lè fani mọ́ra ni. Ẹni tó jókòó tì mí, tí mo ti ń bá sọ̀rọ̀ ìdánwò mi, ọmọọṣẹ́ gáréèjì ni.

Níbí, bọ́ọ̀sì máa ń wọ inú ìlú wá bá mi ni. Orí òkè ni Selkirk wà, ọkọ̀ ńlá yẹn á sì rọra gun òkè náà títí yóò fi dé ojú ọjà. Aago tiwa wà nínú ìwé rẹ̀, aago Hawick wà níbẹ̀, ti Langholm wà níbẹ̀. Galashiels ni mò ń lọ lọ́pọ̀ ìgbà, owó Galashiels náà ni mò ń san. Ó tó oṣù mẹ́ta kí èyí tó yé mi pé kì í ṣe àṣìṣe. Mo máa ń sọ ibi tí mò ń lọ fún dírẹ́bà pẹ̀lú ìtìjú díẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jọ̀ọ́ gbé òun dé ìdajì ọ̀nà.

Kì í ṣe pé inú wọn dára jù wá lọ. Àwọn pẹ̀lú ti rí i kí wọ́n yẹ wọ́n sílẹ̀. Reluwé ló ń gba agbègbè yìí kọjá tẹ́lẹ̀, láti Edinburgh dé Carlisle, ìjọba sì tì í pa ní oṣù kìíní ọdún 1969 pé kò mówó wọlé. Ní òru tí ọkọ̀ ìkẹyìn ń lọ, àwọn ará abúlé Newcastleton, nítòsí ibodè, ti géètì ibi tí irin ti dábùú títì, wọ́n ní kò ní kọjá. Ọlọ́pàá mú àlùfáà wọn, aṣòfin agbègbè náà, David Steel, tó wà nínú ọkọ̀ ọ̀hún fúnra rẹ̀, ló sì bọ́ sílẹ̀ lọ bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó yọ̀ǹda. Ọdún 46 kọjá kí reluwé tó padà ní 2015, kò sì kọjá Tweedbank, lẹ́yìn Galashiels díẹ̀. Hawick kò tí ì rí i títí dòní. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó nílé wọn ni mò ń ṣe níbí. Bàbá àgbà kan wà ní Hawick tí mo máa ń lọ wẹ̀ fún, tó máa ń sọ̀rọ̀ 1969 bíi pé àná ni. Bí mo bá ti wọlé, kí ó tó kí mi, á kọ́kọ́ béèrè bóyá bọ́ọ̀sì dé lásìkò. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, á mi orí bí ẹni tí wọ́n san gbèsè fún.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ n purọ́ fún yín. Àárín ọ̀nà ló ń jẹ àǹfààní yìí. Ẹni tó bá kúrò lójú ọ̀nà ńlá, tó wọ inú lọ, ojú rẹ̀ á rí nǹkan. Òfin kan tí wọ́n ṣe ní 1985 fi bọ́ọ̀sì lé ọwọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni, ibi tí owó bá wà ni wọ́n ń ná, ibi tí kò bá sí, ìjọba ìbílẹ̀ ló ń fowó kún un kí ọkọ̀ lè dé ibẹ̀. Bí owó ìjọba ìbílẹ̀ bá sì gbẹ, ẹ ti mọ èyí tó kù. Àwọn abúlé kan wà tó jẹ́ pé ọkọ̀ àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní, lọ́jọ́ Àìkú kò sí rárá.

Ọ̀kan nínú wọn fojú mi rí màbo. Wọ́n rán mi lọ tọ́jú ìyá kan nínú àfonífojì tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn Selkirk. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, èmi sì lọ ka àkókò ti ọjọ́ iṣẹ́. Nígbà tí mo jáde, bọ́ọ̀sì ti lọ láti bí ogójì ìṣẹ́jú sẹ́yìn, kò sì sí òmíràn di ọ̀la, ọ̀la sì ni ọjọ́ Àìkú. Òjò ń rọ̀. Fóònù mi kò ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Àgùntàn ló wà lápá ọ̀tún, àgùntàn ló wà lápá òsì. Mo dúró síbẹ̀, mo ń tẹ́tí sí ọ̀kadà. Mo mọ̀ dájú pé kò sí, síbẹ̀ etí mi kò gbọ́, ó ń wá a. Ní oko bàbá mi lẹ́yìn Fìdítì, níbi tí mọ́tò kò lè dé, èèyàn kàn máa pe Rafiu ni, Rafiu á dé, á gbé ìwọ àti àpò ẹ̀gẹ́ méjì, á tún gbé ewúrẹ́ sí iwájú. Nǹkan sàn jù báyìí lọ tẹ́lẹ̀, kí ìjínigbé tó sọ gbogbo àwọn ọlọ́kadà di ẹni tí ń sáré wọlé kí ilẹ̀ tó ṣú, àmọ́ lọ́sàn-án ṣì ni Rafiu. Àgbẹ̀ kan ló ràn mí lọ́wọ́ nígbẹ̀yìn. Ó dúró, ó bi mí bóyá mo sọnù ni. Ajá rẹ̀ ló jókòó níwájú, èmi wà lẹ́yìn láàárín okùn àti ike oògùn àgùntàn. Ajá náà ń bojú wẹ̀yìn wò mí títí a fi dé.

Nínú X95, ẹnì kan kì í bá ẹnì kan sọ̀rọ̀. Ẹnu lè fẹ́rẹ̀ẹ́ rùn. Ìgbà tí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ nìkan lẹ máa gbọ́ ohùn wọn, gbogbo wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ dírẹ́bà, ọmọdé, àgbà, àwọn ọmọ iléèwé tí wọn kò dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn. Mo fẹ́ràn èyí ju gbogbo nǹkan mìíràn lọ lórílẹ̀-èdè yìí. Nílé, "Ó wà o!" la máa ń ké, bí dírẹ́bà bá sì ti gbé wa kọjá ibi tí à ń lọ díẹ̀, èpè ló kù.

Ọmọ mi obìnrin jẹ́ ọdún mẹ́rìnlá. Kò sanwó bọ́ọ̀sì rí. Láti ọjọ́ 31 oṣù kìíní 2022, ọmọ tí kò tí ì pé ọdún 22 kì í san kọ́bọ̀ ní Scotland, láti 2006 sì ni àwọn tó ti pé ẹni ọgọ́ta ọdún ti ń jẹ irú rẹ̀. Ó ní káàdì, á fi kan ẹ̀rọ, ó di Edinburgh. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi lórí fóònù. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló wá ń ra epo?" Mo ní ìjọba ló ń san án padà fún oníbọ́ọ̀sì. Wọ́n ní, "Ìjọba èwo?"

Ìyá mi ti lé ní ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rin. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, oṣooṣù ni wọ́n ń lọ fi ojú wọn han dókítà n'Ìbàdàn. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di oṣù méjì-méjì, ó di ìgbà tí mo bá fowó ránṣẹ́. Dókítà kò gba kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀. Ọkọ̀ ló gbówó lórí. Ẹ wá wò ó: Fìdítì sí Ìbàdàn kò jìnnà tó Selkirk sí Edinburgh.

Mo lọ sílé ní oṣù kejìlá. Lọ́jọ́ tí mò ń padà sí Èkó, mo dúró níbi tí mo máa ń dúró sí nígbà tí mo wà ní iléèwé, mo na ọwọ́ bí a ti ń nà án ní Scotland, tààrà, pẹ̀lẹ́tù, láìjù ú. Mọ́tò mẹ́rin kọjá mi. Ọmọ kékeré kan tó ń ta ọsàn wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó jáde sí títì, ó fi ọwọ́ méjèèjì pe mikra kan, mikra náà sì dúró. Àwa mẹ́rin jókòó lẹ́yìn, méjì wà níwájú pẹ̀lú dírẹ́bà. Ó ti tẹ iná nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá mi. Wọ́n ń sáré bọ̀ pẹ̀lú àpò ọsàn tí mo mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ torí pé ó wúwo.

Ní Hawick, mo ti sáré bá bọ́ọ̀sì báyìí rí, èmi àti dírẹ́bà wo ara wa lójú, aago sì lù, ó gbéra. Mi ò bá a wí. Ibi tó kù ló ń dúró dè é.

"Dírẹ́bà, ẹ jọ̀ọ́, ìyá mi nìyẹn," ni mo wí.

Ó kùn. Ó ní òun ti pẹ́, ó ní àwọn ará Fìdítì àti ẹrù wọn. Àwọn èrò méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà: "Ẹ dúró de ìyá àgbà jàre, ẹ̀yin náà kò ṣá jáde látinú igi!" Ó pa ọkọ̀, ó bọ́ sílẹ̀, ó lọ gba àpò náà lọ́wọ́ ìyá mi láàárín ọ̀nà, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó gbé e sí búùtù. Nígbà tó jókòó padà, ó wò mí nínú dígí.

"Àǹtí, ọsàn mẹ́rin ni tèmi níbẹ̀ o."