"Àǹtí, ìgbà wo la máa dá a padà?"

Ìmọ̀ òfin ni mo kọ sínú fọ́ọ̀mù JAMB. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni yunifásítì fún mi. Àbúrò bàbá mi bú sẹ́rìn-ín: "Tíṣà? Ṣebí ọ̀run ni èrè wọn wà." Mo ní màá fi ara dà á fún ọdún kan, màá sì yí i padà. N kò yí i mọ́. Bó bá jẹ́ ọ̀nà yẹn náà lẹ gbà wọlé, ẹ má fi gbogbo ọdún àkọ́kọ́ sunkún. Ẹ sún mọ́ àwọn tó ti gba NCE, ìyẹn ìwé ẹ̀rí olùkọ́, kí wọ́n tó wá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ọdún kejì. Wọ́n ti dúró níwájú ọmọ rí, àwa yòókù kò tíì dúró.

TP gan-an lọ̀rọ̀ mi dá lé lórí, ìyẹn ìgbà tí wọ́n máa ń rán wa lọ fi iṣẹ́ olùkọ́ kọ́ra ní ilé-ìwé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni tèmi ní ọdún kẹta. Ilé-ìwé ìjọba kan ní ìgboro Ìbàdàn ni wọ́n fi mí sí, kíláàsì kẹta, ọmọ 56, ọmọ mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì kan. Kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó parí, ohùn mi ti há. (Ẹ má pariwo. Ẹ bi wọ́n léèrè orin tí wọ́n fi ń dákẹ́, gbogbo kíláàsì ló ní tirẹ̀. Ẹ sì gbé ṣọ́ọ̀kì tiyín dání.)

Nóòtù ìdánilẹ́kọ̀ọ́ mi dára lójú. Mo fi bírò pupa fa ìlà sídìí gbogbo àkọlé, mo kọ ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lè ṣe ní ìparí ẹ̀kọ́, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì ń dán. Olùbẹ̀wò tí yunifásítì máa rán wá ni mo ń kọ ọ́ fún. Ọmọ kankan kò sí lọ́kàn mi.

Ọjọ́ tí olùbẹ̀wò dé, ìyọkúrò la ń ṣe: 42, kí a yọ 17 kúrò nínú rẹ̀. Mo ní, "A kò lè yọ méje nínú méjì. Ẹ jẹ́ ká yá ọ̀kan lọ́wọ́ mẹ́rin." Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè. "Àǹtí, ìgbà wo la máa dá a padà?"

Mo ní a kì í dá a padà. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo olè. Ẹ̀yìn ni mo gbọ́ pé alájọ ni ìyá rẹ̀.

Máàkì tí mo gbà lọ́jọ́ náà kò ṣeé sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.

Màmá olùkọ́ tó ni kíláàsì náà kò bá mi wí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n kó ẹyọ ìgbálẹ̀ wá, wọ́n ti fi rọ́bà dì wọ́n ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Wọ́n kó ìdì mẹ́rin àti ẹyọ méjì sórí tábìlì, wọ́n ní kí ọmọ alájọ wá yọ mẹ́tàdínlógún níbẹ̀. Ọmọ náà kó ìdì kan, ó mú ẹyọ méjì, ó wá dúró. Màmá bọ́ rọ́bà lára ìdì kan. "Ta ló sọ pé a yá nǹkan? A ṣẹ́ ẹ ni. Tí o bá mú igba náírà lọ sọ́dọ̀ ẹlẹ́kọ, tó bá ẹ ṣẹ́ ẹ, ṣé ó yá ẹ lówó?"

Wọ́n wá pe ọmọkùnrin kan tí n kò tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ rí.

"Mẹ́tàdínlógún, mélòó ló fi dín sí ogún?"

"Mẹ́ta, mà."

"Yọ ogún nínú méjìlélógójì."

"Méjìlélógún."

"O ti yọ ọ́ jù. Dá èyí tó lé padà."

"Márùndínlọ́gbọ̀n!"

Ọmọ alájọ yíjú wò mí. Wọ́n kúkú ti dá a padà.

Ojú tì mí, nítorí mo ti gba máàkì tó dáa nínú ìdánwò lórí ọ̀rọ̀ fífi Yorùbá kọ́ ọmọ yìí gan-an. A ti kọ́ wa nípa iṣẹ́ ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970, ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú; wọ́n wá ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀. Wọn kò rẹ̀yìn, wọ́n tilẹ̀ ta àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé yọ. Mo há gbogbo rẹ̀ sórí, mo kọ ọ́ sílẹ̀, mo gbàgbé. Ní ìparí 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò fara mọ́ ọn. Ẹni tó bá ti rí ọmọkùnrin yẹn lọ́jọ́ náà kò ní fara mọ́ ọn.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi Yorùbá sọ ẹ̀kọ́ ọ̀la fún ẹni tí a jọ ń gbé yàrá kí n tó kọ nóòtù. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti há mi lẹ́nu, èmi gan-an ni kò tíì yé. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò, pàápàá lórí ìdá àti àkókò ojú aago. Lábẹ́ nóòtù kọ̀ọ̀kan, mo máa ń fi àyè sílẹ̀ kọ ìbéèrè tí ọmọ lè bi mí. Olùbẹ̀wò kì í ka ibẹ̀.

Ẹ má sá lọ sí ilé-ìwé aládàáni tó ní ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nítorí pé ó sún mọ́ ilé yín. Ẹ lọ síbi tí èrò wà, kí ẹ sì jókòó ti olùkọ́ àgbà tí wọ́n bá fi yín sọ́dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ TRCN, àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀, àti iṣẹ́ SUBEB, ìgbìmọ̀ ètò ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ní ìpínlẹ̀, ẹ ó bá a lọ́nà.

Lọ́jọ́ tí mo parí, mo fẹ́ kó ìdì ìgbálẹ̀ wọ̀nyẹn sínú báàgì mi. Màmá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. "Fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Ẹlòmíì ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, òun náà á ní ká yá ọ̀kan."