Pápá Kan ní Kent, Pápá Kan ní Ìbàdàn

Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 ni ẹgbẹ́ kíríkẹ́ẹ̀tì wa gbá eré tó kẹ́yìn sáà. Wọ́n nà wá. Ó dùn wá díẹ̀, ṣùgbọ́n a ti kó àmì tó pọ̀ jọ láti oṣù Keje, wọn ò lè já wa sí ìsàlẹ̀ líìgì mọ́. Ohun tí mo kíyè sí ni pé kò sẹ́ni tó lọ sílé. Àwọn kan ń yọ igi mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n ń ju bọ́ọ̀lù sí ní orígun méjèèjì, àwọn kan ń ká okùn ààlà, ọmọ ọdún 16 kan ń gbálẹ̀ yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ. Bàbá tó ń tọ́jú pápá, ẹni ọdún 74, wá bá mi níbi tí mo ti ń tú páàdì ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní, "Àárọ̀ ọ̀la ńkọ́? Iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni."

Mo dàgbà ní Ìbàdàn, mo sì gbá kíríkẹ́ẹ̀tì fún ọdún mẹ́rin nílé ẹ̀kọ́ girama. N kò rántí ọjọ́ kan tí ẹnikẹ́ni sọ fún wa pé pápá tí a ń ṣeré lórí rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni.

Ọdún 2021 ni èmi, ìyàwó mi àti ọmọ wa ọkùnrin dé Kent, ní ilẹ̀ England. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Bàbá kan wà lára àwọn tí mò ń tọ́jú, wọn kì í fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, àfi kí wọ́n máa wo kíríkẹ́ẹ̀tì lórí tẹlifíṣàn. Lọ́jọ́ kan, mò ń tún ìrọ̀rí wọn ṣe lọ́wọ́ nígbà tí bọ́ọ̀lù ba ẹni tó ń gbá lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Ó ti jáde nìyẹn, igi ni bọ́ọ̀lù yẹn ń lọ." Ẹni tó bá jáde ò ní gbá mọ́. Bàbá yíjú sí mi, wọ́n bi mí níbi tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo ní Ìbàdàn ni. Nígbà tí ọmọ wọn wá kí wọn lọ́sẹ̀ náà, kí ó tó jókòó ni wọ́n ti ní kó mú mi lọ bá ẹgbẹ́ wọn. Bí mo ṣe dé inú ikọ̀ kẹta nìyẹn, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí Maidstone.

Ìyàwó mi ò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn, mi ò sì bá a jà, torí Sátidé kì í ṣe ohun kékeré fún Yorùbá. Ta ló ni Sátidé ara rẹ̀ ní Ìbàdàn? Bí kò bá jẹ́ ìgbéyàwó, ìsìnkú ni. Bí kò bá jẹ́ ìsìnkú, ìṣílé ni. Aṣọ ẹbí ti wà nílẹ̀, wọ́n ti dá iye tí o máa san. Ní abúlé tí mo wà yìí, láti oṣù Karùn-ún títí wọ oṣù Kẹsàn-án, agogo kan ọ̀sán la máa ń bẹ̀rẹ̀, ó sì lè tó agogo méje kí a tó parí. Over 40 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá, ìgbà mẹ́fà tí wọ́n bá ju bọ́ọ̀lù sì ni over kan. Ọ̀sán tún gùn. Nínú oṣù Kẹfà, agogo mẹ́sàn-án alẹ́ á lù, oòrùn ò tíì wọ̀. Ní Ìbàdàn, oṣù yòówù kó jẹ́, kó tó di agogo méje àbọ̀ ilẹ̀ ti ṣú, a ti ń wá bọ́ọ̀lù nínú koríko pẹ̀lú ọwọ́.

Àbúrò ìyá ìyàwó mi ṣe ọjọ́ ìbí ọgọ́ta ọdún ní Thamesmead, ní London, nínú oṣù Kẹfà, a sì ní eré lọ́jọ́ náà. Mo fi eré sílẹ̀, mo lọ sí òde, torí ẹbí ni ẹbí ń jẹ́. Bí mo ṣe jókòó ti àwo ìrẹsì mi, tí àwọn àgbà tó wà létí ògiri ń sọ ẹni tó mọ ijó jó jù láyé ìgbà kan, ó yé mi pé òde ni kíríkẹ́ẹ̀tì àwọn ará abúlé wa náà. Ọjọ́ kan gbáko ló ń gbà. Oúnjẹ wà láàárín rẹ̀. Àwọn àgbà ń jókòó létí pápá, wọ́n ń pe orúkọ àwọn tó ti gbá bọ́ọ̀lù wọ inú ọgbà ẹlòmíràn lọ́dún gbọọrọ.

Oúnjẹ yẹn ni wọ́n ń pè ní tíì. Nígbà tí ikọ̀ kan bá ti gbá tirẹ̀ tán, àwa àti àwọn tí a jọ ń du ú á jókòó jẹun pọ̀. Látìgbà àrùn Kòrónà, ọ̀pọ̀ líìgì ò fi ṣe dandan mọ́, oníkálukú lè gbé tirẹ̀ wá nínú ike. Ẹgbẹ́ wa dìbò níbi ìpàdé ọdọọdún pé àwọn ò ní jẹ́ kó parẹ́, inú mi sì dùn sí i gan-an. Nígbà tó kan ilé wa, ìyàwó mi din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù láàárọ̀, ó kó o sínú kúlà kó lè gbóná. Ó tán kí àwọn méjì tó kẹ́yìn tó dé ìdí tábìlì. Láti ọjọ́ náà, òun gan-an ló ń bi mí pé ìgbà wo ni eré.

Ohun tó ṣòro fún mi jù ni ọ̀rọ̀ àgbà àti ọmọdé. Ọmọ ọdún 19 ni balógun ikọ̀ wa. Mo lè bí i. Òun ló ń sọ ibi tí màá dúró sí, á sì fi orúkọ mi gan-an pè mí láti ìkángun pápá dé ìkángun kejì, kò sí ẹ̀gbọ́n, kò sí ọ̀gá níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ó bí mi nínú, mo kàn gbé e mì ni. Nílé ẹ̀kọ́ wa, ọmọ kíláàsì tó ga jù ni balógun, bí ọmọ kíláàsì kejì tilẹ̀ mọ eré jù ú lọ. Iṣẹ́ ọmọ kíláàsì kejì ni láti sáré wọ igbó tí bọ́ọ̀lù bá wọ ibẹ̀, kó máa ṣọ́ ejò. Ó lè ṣe odindi tẹ́ẹ̀mù kó má fọwọ́ kan báàtì. Mo mọ ọmọ méjì tó mọ bọ́ọ̀lù jù, tí wọ́n fi eré náà sílẹ̀ kí ipò tó kàn wọ́n. Nítorí náà, mi ò ní sọ pé tiwa ló dára jù níbí yìí. Balógun wa ọmọ ọdún 19 yìí, tí ọ̀ràn bá dojú rú, ó máa ń rìn wá bá mi, á rẹ ohùn sílẹ̀, á bi mí pé kí ni mo rí. Ó mọ àgbà, ó kàn jẹ́ pé kì í ṣe ẹnu ló fi ń sọ ọ́.

Àmọ́ èmi ò lè pe bàbá tó ń tọ́jú pápá lórúkọ. Mo gbìyànjú rẹ̀, ẹnu mi kọ̀. "Sà" ni mò ń pè wọ́n. Wọ́n ní kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo ní kí wọ́n má bínú, ìyá mi ló kọ́ mi.

Nínú oṣù Karùn-ún, èmi àti ọ̀dọ́ kan la jọ wà lórí pápá tí a ń gbá. Ó gbá bọ́ọ̀lù sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó gbéra sáré láti gba àmì. Mo rí i pé ẹni tó wà nítòsí ti mú bọ́ọ̀lù, mo pariwo, "Dúró! Dúró!" Ó ń sáré bọ̀ ni. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù lu igi kó tó padà, ó sì jáde. Mo bẹ̀ ẹ́ lójú gbogbo ènìyàn. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ìròyìn àwọn tí mò ń tọ́jú lóròòru, ṣùgbọ́n nígbà tí àyà mi já, Yorùbá ló jáde. Ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi fún ọjọ́ púpọ̀. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló wá ní kí n kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pè é.

Ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ kí n tó dé orí bí omi ṣe di ọ̀wọ́n lọ́dún náà. Nígbà tí a pàdé nínú oṣù Kẹrin láti mú ara gbóná fún sáà, ńṣe ni wọ́n ń bọ̀ mí lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní 2025, ní ìlú Kuching ní Malaysia, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà tí ọjọ́ orí wọn ò ju 19 lọ borí New Zealand nínú Ìdíje Àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa dé ibẹ̀. Òjò ti gé eré náà kù sí over 13. Àmì 65 ni àwọn ọmọ wa gbá, 63 ni ti New Zealand. Àmì méjì péré! Lucky Piety ni balógun wọn. Mo wo ìparí rẹ̀ lórí fóònù ní àfẹ̀mọ́jú, lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, omi sì bọ́ lójú mi nínú ọkọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni ilẹ̀ tí àwọn ọmọ yẹn ti ń kọ́ eré, torí mo mọ bí pápá ṣe ṣọ̀wọ́n tó nílé.

Ìgbà ooru ọdún 2025 ló gbóná jù látìgbà tí wọ́n ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ ní Britain. Nínú oṣù Keje, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fi hóòsì bomi rin koríko ní Kent mọ́. Mo dé pápá ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá bàbá lórí ìkúnlẹ̀ láàárín pápá. Ilẹ̀ ti sán. Wọ́n ti ìka ìfábẹ̀lá wọn bọ inú ojú sísán náà, ó wọlé dé oríkèé kejì. Wọn ò sọ nǹkan kan. Mi ò tíì rí arúgbó tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì tó bẹ́ẹ̀ nítorí ilẹ̀.

Bàbá mọ koríko, wọ́n mọ amọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò mọ bí a ṣe ń fi omi díẹ̀ ṣe nǹkan púpọ̀. Òun la sì fi dàgbà ní Ìbàdàn. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì mẹ́rin wá láti ilé, mo gbé dírọ́ọ̀mù kan sábẹ́ òrùlé ilé ẹgbẹ́ de òjò, mo sọ fún àwọn tó ń fọ abọ́ tíì pé omi tí wọ́n fi ṣan kẹ́yìn kò gbọdọ̀ dànù. Mo lu ihò sí ìdí agolo ńlá kan. Tí mo bá jáde níṣẹ́ láàárọ̀, màá yà síbẹ̀, kí oòrùn tó mú, èmi àti bàbá á máa wọ́n omi náà díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ mi níṣẹ́. Ilẹ̀ tí a ń gbá lórí rẹ̀ gùn ní yáàdì 22, ó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá. Irú rẹ̀ pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn láàárín pápá. Tí a bá lo ọ̀kan, a ó fi í sílẹ̀ kó sinmi, bí àgbẹ̀ ṣe ń fi ilẹ̀ oko sílẹ̀ kó lọ́ràá padà. Rólà tí a fi ń tẹ ilẹ̀ kò fẹ́ ìkánjú. Wọ́n ní bí mo bá ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ mi, mo ti ń yára jù.

Nílé ẹ̀kọ́ wa, kọnkéré ni wọ́n dà sáàárín pápá, a ń tẹ́ ẹní nípọnnípọn lé e lórí, a sì ń kàn án mọ́lẹ̀. Nígbà tí a wọlé fún tẹ́ẹ̀mù kẹta lọ́dún kan, ikán ti jẹ ẹní náà nínú yàrá ìkẹ́rùsí. A dúró de ilé ẹ̀kọ́. Ilé ẹ̀kọ́ dúró de ìjọba. Àwa ọmọ bíi méjìlélógún tí a fẹ́ràn eré náà ju oúnjẹ lọ, kò wá sí wa lọ́kàn pé a lè dá owó ra ẹní. Kíríkẹ́ẹ̀tì parí níbẹ̀.

Mi ò ní sọ pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn eré jù wá lọ, torí kì í ṣe òótọ́. Ó sì yẹ kí n sọ èyí náà: owó ìfẹ̀yìntì bàbá tó ń tọ́jú pápá ń wọlé lóṣooṣù, láìjẹ́ pé wọ́n bẹ ẹnikẹ́ni. Bàbá tó bí mi to ìlà fún ọdún púpọ̀ nítorí tiwọn. Ẹni tó ń fi ọjọ́ ogbó to ìlà, ìgbà wo ló fẹ́ ráyè tẹ ilẹ̀ fún àwọn ọmọ ọlọ́mọ? Síbẹ̀, nínú ẹgbẹ́ wa, kò sẹ́ni tó ń gba kọ́bọ̀. A ń san owó ọdún, a ń san owó lọ́jọ́ eré, a tún ń gé koríko.

Nínú oṣù Kẹjọ, mo mú ọmọ mi lọ sí Canterbury láti wo pápá St Lawrence, níbi tí ẹgbẹ́ Kent ti ń gbá láti 1847. Igi kan wà nínú ààlà pápá náà rí. Wọn ò gé e, òfin ni wọ́n ṣe fún un: bọ́ọ̀lù tó bá bà á, àmì mẹ́rin ni. Ìjì ṣẹ́ igi náà nínú oṣù Kìíní 2005, wọ́n sì ti ní òmíràn nílẹ̀ tí wọ́n gbìn dípò rẹ̀. Ọmọ mi fẹ́ mọ ẹni tó rántí gbin èkejì kí ti àkọ́kọ́ tó wó.

Mo lọ sí pápá wa ní àárọ̀ ọjọ́ Àìkú yẹn, ọjọ́ kejì eré tó kẹ́yìn sáà. A fi ráákì ha òkú koríko kúrò, a gbin irúgbìn tuntun, a kó amọ̀ gbígbẹ lé e lórí, a fi pákó tẹ́jú rẹ̀. Ó gba ọjọ́ mẹ́ta.

Nígbà tó di oṣù Kejìlá, mo pe ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ balógun wa nílé ẹ̀kọ́. Wọn ò jìnnà síbẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàárọ̀ sà. Pápá wa ńkọ́?"

"Àbúrò, wọ́n ti kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí ìdajì rẹ̀. Jẹ́ kí n yà á fún ọ."

Fọ́tò náà wọlé lórí WhatsApp kó tó di ọ̀sán. Ọyẹ́ ti gbẹ koríko. Láàárín rẹ̀ ni kọnkéré wa wà gbọọrọ bó ṣe wà, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n sá fún láfún sì funfun lórí rẹ̀ láti ìkángun dé ìkángun. Ẹ̀gbọ́n ní àwọn fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n, ìṣísẹ̀ méjìlélógún ṣì ni. Mo bi wọ́n pé ta ló ni ẹ̀gẹ́ náà. Wọ́n ní ìyàwó ọlọ́dẹ ilé ẹ̀kọ́ ni, pé láràárọ̀ ló máa ń gbá orí kọnkéré náà mọ́ tónítóní kó tó sá a.