Ilé Ṣì Wà Níkàáwọ́ Yín: Ẹ̀tọ́ Ayálégbé Nígbà Tí Wọ́n Bá Ń Kó Èèyàn Wá Wo Ilé Kó Tó Kó Jáde

Gbàrà tí ayálégbé bá ti fún onílé ní nótíìsì pé òun ń kó jáde, tàbí tí onílé bá fún un ní tirẹ̀, ni ẹ́jẹ́ǹtì á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kó èèyàn wá wo ilé. Òmíràn á kan ilẹ̀kùn láàárọ̀ kùtù. Òmíràn á pè pé àwọn ti wà lẹ́nu géètì. Èyí tó burú jù nínú wọn ní kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́, á kàn ṣí ilẹ̀kùn, á sì wọlé. Ohun tó wà lọ́kàn gbogbo wọn ni pé ẹni tó ń lọ ti lọ tán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nótíìsì kò gba ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí ìyálégbé máa parí ló ń sọ. Títí ọjọ́ yẹn á fi pé, tí ẹ sì ń san owó ilé bó ṣe yẹ, ilé wà níkàáwọ́ yín.

Owó tí ẹ san kì í ṣe owó ògiri àti òrùlé nìkan. Ẹ̀tọ́ láti ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ẹ kò pè wà nínú rẹ̀, onílé fúnra rẹ̀ sì wà lára àwọn ẹni bẹ́ẹ̀. Òfin Ìyálégbé Ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 sọ pé ayálégbé ní ẹ̀tọ́ sí àṣírí ilé rẹ̀, pé kí wọ́n má yọ ọ́ lẹ́nu láìnídìí, àti pé òun nìkan ló ni ìkáwọ́ ibi tó gbà. Àyè tó níwọ̀n ló fi sílẹ̀ fún onílé láti wá yẹ ilé wò. Abala 37 nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 náà dáàbò bo àṣírí àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè àti ilé wọn.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í mú ni iye wákàtí tó yẹ kí wọ́n fi sọ fún yín ṣáájú, torí pé ibi gbogbo kò rí bákan náà. Ní Kalifọ́níà, ìwé ni wọ́n máa ń fi sọ ọ́, òfin sì ka wákàtí 24 sí àkókò tó tó. Bí ìwé náà bá gba ọ̀dọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ wá, ó di ọjọ́ 6. Ní Ontario ní Kánádà, bí nótíìsì ìjáde bá ti wà nílẹ̀, onílé lè mú ẹni tó fẹ́ gba ilé wá láìkọ ìwé, bó bá ṣáà ti sapá láti sọ fún ayálégbé kó tó wọlé, tó sì jẹ́ láàárín aago 8 àárọ̀ sí 8 alẹ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹni tó fẹ́ ra ilé ló ń mú bọ̀, ìwé wákàtí 24 di dandan. Ní New Zealand, ayálégbé gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni wá wo ilé: kò lè kọ̀ láìnídìí, àmọ́ ó lè là á kalẹ̀ bí òun ṣe fẹ́ kó rí. Òfin ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ní ìgbà 2 lọ́sẹ̀ ló pọ̀ jù, kí ẹ̀ẹ̀kan má sì ju wákàtí 1 lọ.

Ti Ẹ̀ńgílánńdì gba àlàyé díẹ̀. Wákàtí 24 tí àwọn èèyàn máa ń tọ́ka sí níbẹ̀, inú òfin onílé àti ayálégbé ti 1985 ló ti wá, ọ̀rọ̀ yíyẹ àtúnṣe ilé wò ló sì dá lé. Kò sọ nǹkan kan nípa kíkó ẹni tó ń wá ilé wọlé. Àdéhùn tí ẹ fọwọ́ sí ni ẹ́jẹ́ǹtì máa gbára lé níbẹ̀, bí kò bá sì sí i nínú àdéhùn, ọ̀rọ̀ ku ẹ̀bẹ̀.

Torí náà, ẹ má ṣe gba òfin ìlú onílùú gbọ́ nítorí pé ọ̀rẹ́ yín kan tó wà níbẹ̀ ló sọ ọ́. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ wá nínú òfin ibi tí ẹ̀ ń gbé: wákàtí mélòó ṣáájú, láti aago mélòó sí aago mélòó, àti bóyá ọ̀rọ̀ ẹnu tó tàbí ìwé ni dandan. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìwé àdéhùn yín yọ, kí ẹ ka ibi tó ti sọ̀rọ̀ wíwo ilé. Ó sábà máa ń sọ pé ní oṣù tó kẹ́yìn, tàbí oṣù méjì tó kẹ́yìn, ayálégbé á gba àwọn tó ń wá ilé láyè ní àkókò tó bójú mu, bí wọ́n bá ti sọ ṣáájú. Bí gbólóhùn yìí bá wà níbẹ̀ tí ẹ wá kọ̀ jálẹ̀, onílé lè sọ pé ẹ ti da àdéhùn, kó sì fẹ́ gba owó tó bá pàdánù lọ́wọ́ yín. Ìdí nìyẹn tí n kò fi ń gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó kọ̀ jálẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ gbà, kí ẹ sì jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa sọ bó ṣe máa rí.

Ẹ má dúró de ìgbà tí wọ́n á pè. Lọ́jọ́ tí nótíìsì bá jáde gan-an ni kí ẹ fi irú ìsọfúnni yìí ránṣẹ́, lórí fóònù tàbí íméèlì, níbi tí kò ti ní sọnù:

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ní ti àwọn tó máa wá wo ilé, kò sí wàhálà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 5 sí 6 ìrọ̀lẹ́, àti ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago 10 sí 11 àárọ̀, ló rọ̀ mí lọ́rùn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí ẹ sì sọ iye èèyàn àti orúkọ ẹni tó máa mú wọn wá. Kí ìdílé kan jáde kí òmíràn tó wọlé. Màá wà nílé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lo kọ́kọ́rọ́ nígbà tí n kò bá sí nílé, kí wọ́n má sì ya fọ́tò ẹrù mi. Ẹ ṣeun, sà."

Gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ ló nídìí. Ọjọ́ méjì ni, ọ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀, ọ̀kan ní ìparí ọ̀sẹ̀, kí ẹ́jẹ́ǹtì má baà rí ibi sọ pé ẹ kò fún àwọn oníṣẹ́ ìjọba tàbí àwọn oníṣòwò láyè. Wákàtí kan gba ìdílé mẹ́rin ní ìṣẹ́jú 15-15, ó sì tó fún ilé tí kò tóbi púpọ̀. Ọ̀rọ̀ pé kí wọ́n má wọlé pọ̀ ni kí ẹ má gbà kí wọ́n yí padà: èèyàn mẹ́fà nínú yàrá mẹ́ta, kò sí ojú tó lè ṣọ́ wọn, ìgbà yẹn gan-an ni nǹkan sì máa ń pòórá. Bí òfin ibi tí ẹ wà bá fún yín ní ju ọjọ́ kan lọ, ẹ kọ iye tí òfin sọ. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dín in kù.

Ọjọ́ tí wọ́n bá ń bọ̀, ohun tó yẹ kí ẹ kó pamọ́ ju owó àti góòlù lọ. Ẹ wo orí tábìlì: àpò ìwé báńkì tí orúkọ àti nọ́ńbà àkáǹtì wà lára rẹ̀, páásípọ́ọ̀tù, káàdì ìdánimọ̀. Ẹ wo ilé ìwẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí oògùn tí dókítà kọ wà lára ohun tí wọ́n máa ń jí, orúkọ àìsàn yín kì í sì í ṣe ohun tí àlejò gbọ́dọ̀ kà lára ike. Ẹ wo ògiri: kàlẹ́ńdà tí ẹ kọ ọjọ́ ìrìn àjò sí, fọ́tò ọmọ tí orúkọ ilé ìwé hàn lára aṣọ rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ fi kọ́ sára ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ni èèyàn máa ń gbàgbé jù, bẹ́ẹ̀ fọ́tò tó mọ́lẹ̀ dáadáa tó fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà láti gé irú rẹ̀. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ sínú báàgì kan, kí ẹ tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tàbí búùtù mọ́tò. Ẹ ti kọ̀ǹpútà pa. Ajá ńkọ́? Ẹ so ó tàbí kí ẹ mú un jáde, nítorí bó bá bu èèyàn jẹ, ọ̀dọ̀ yín ni ẹjọ́ máa wá.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mú fóònù, ẹ rìn yíká, kí ẹ ya fídíò yàrá kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó dé. Ẹ yà á síi nígbà tí wọ́n bá lọ. Ìṣẹ́jú méjì ni, òun ló sì máa gbà yín bí wọ́n bá fi bàtà ba ilẹ̀ jẹ́ tàbí tí ọmọ àlejò fa ọwọ́ kọ́bọ́ọ̀dù já, tí onílé wá fẹ́ yọ ọ́ lára owó ìdógò yín, ìyẹn owó tó gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ yín nítorí ohun tó bá bàjẹ́.

Ilé tó mọ́ níwọ̀nba tó. Kò sí ẹni tó lè ní kí ẹ kó ẹrù yín kúrò, kí ẹ kun ògiri, tàbí kí ẹ jáde fún gbogbo ọ̀sán nítorí pé ilé máa ń dùn ún wò bí ẹ kò bá sí níbẹ̀. Ẹ lè jáde bó bá wù yín; èmi ò rò pé ó bọ́gbọ́n mu. Ẹ jẹ́ kí ẹ́jẹ́ǹtì ṣíwájú wọn wọ yàrá, kí ẹ̀yin dúró níbi tí ẹ ti ń rí ẹni tó ń jáde.

Bí àlejò bá bi yín léèrè nípa omi, iná tàbí aládùúgbò, òótọ́ ni kí ẹ sọ, kí ẹ sì dúró lórí ohun tí ẹ fojú ara yín rí. "Òjò máa ń jò wọ yàrá ẹ̀yìn, mo ti sọ fún onílé" kò ní ẹ̀bi kankan nínú. Bíbú onílé ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ìdí tí ẹ fi ń lọ àti iye tí ẹ̀ ń san kò di dandan kí wọ́n mọ̀.

Fọ́tò tiẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Ẹrù yín tó bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì ti fi han gbogbo ayé irú tẹlifíṣọ̀n tí ẹ ní àti ibi tí fèrèsé wà. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè bóyá fọ́tò tí wọ́n yà kí ẹ tó kó wọlé ṣì wà. Ó sábà máa ń wà. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ ya tuntun, kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, lójú yín, kí ẹ sì rí i kó tó jáde.

Bí ẹnikẹ́ni bá wá láìsọ ṣáájú, ẹnu ọ̀nà ni kí ọ̀rọ̀ parí sí: "Ẹ má bínú, a ò ṣàdéhùn tòní." Ẹ má ṣí ilẹ̀kùn fún ẹni tó dá wá tó ní ẹ́jẹ́ǹtì ló rán òun, nọ́ńbà ẹ́jẹ́ǹtì tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ pè, kì í ṣe èyí tó bá fún yín. Bí wọ́n bá ti wọlé kí ẹ tó dé, ẹ kọ ọjọ́, aago, orúkọ, iye èèyàn àti bí ẹ ṣe mọ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí onílé lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá tún ṣẹlẹ̀, ẹ kọ lẹ́tà tó dárúkọ òfin àti ọjọ́ méjèèjì. Lẹ́tà yẹn ni ilé ẹjọ́ tàbí ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilé máa kọ́kọ́ bèèrè. Pàjáwìrì nìkan ni wọ́n lè bá wọlé láìdúró: iná ń jó, páìpù bẹ́.

Ohun méjì ló máa ń sọ ẹni tó jàre di ẹlẹ́bi. Àkọ́kọ́ ni kí ẹ dá owó ilé dúró nítorí ìbínú. Èkejì ni kí ẹ pààrọ̀ àgádágodo láìka àdéhùn. Ẹ̀wọ̀n tàbí ìkọ́ tí ẹ̀ ń fi ti ilẹ̀kùn láti inú tó bí ẹ bá wà nílé.

Ẹ tún ṣọ́ra fún onílé tó ń bá àwọn àlejò wọlé tó sì ń ka àléébù ara ògiri. Wíwo ilé yàtọ̀ sí àyẹ̀wò owó ìdógò. Ẹ sọ fún un pé ẹ máa ṣe àyẹ̀wò yẹn lọ́jọ́ ọ̀tọ̀, pẹ̀lú ìwé tí ẹ jọ kọ nígbà tí ẹ kó wọlé. Ó dára kó ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ lè rí àyè ṣàtúnṣe ohun tó bá jẹ́ tiyín.

Bí ẹ bá fẹ́ kó lọ kí ọjọ́ tó pé, ẹ ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí ẹ lè fi dúnàá dúrà: ilé tó ṣófo rọrùn láti fi han èèyàn. Ẹ gbà kí wọ́n wò ó nígbàkígbà, kí onílé sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé owó ilé tiyín máa dúró lọ́jọ́ tí ayálégbé tuntun bá wọlé, àti ọjọ́ tó máa dá owó ìdógò padà. Ìgbà tó bá fọwọ́ sí ìwé yẹn ni kí ẹ tó fún un ní kọ́kọ́rọ́, kí ẹ ka iye kọ́kọ́rọ́ náà lójú rẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí ìyẹn náà.