Ìwà Àkùkọ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wò: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nídìí Ọ̀sìn Adìẹ ní Ìkòròdú

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ọ̀sìn adìẹ ní ẹ̀yìnkùlé, bí ẹ bá wá ra àkùkọ nílé mi ní Èbúté, Ìkòròdú, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa ń béèrè ni èyí tí ó tóbi jù. Èmi náà béèrè bẹ́ẹ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 14 sẹ́yìn, ìbéèrè yẹn sì kó mi sí wàhálà ọdún méjì gbáko. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí adìẹ máa pamọ fún òun láti ìran dé ìran, ìwà àkùkọ ni kí ó wò kí ó tó wo ìyẹ́, ogbe àti ìwọ̀n rẹ̀, nítorí pé àkùkọ kan ṣoṣo ni yóò jẹ́ bàbá gbogbo òròmọdìẹ tí ẹ ó rí lọ́dún náà, nígbà tí àgbébọ̀ kọ̀ọ̀kan kò ní ju ìwọ̀nba ọmọ tirẹ̀ lọ.

Ọjà Sábó ni mo ti rí àkùkọ àkọ́kọ́ tí mo fi owó gidi rà. Ìyẹ́ ọrùn rẹ̀ pupa bí epo, ìrù rẹ̀ dúdú mirinmirin, ó sì ga ju gbogbo àkùkọ tí ó wà lórí àtẹ lọ. Kò pé oṣù mẹ́ta tí ó dé ọ̀dọ̀ mi tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọjú ìjà sí ènìyàn. Mo rò pé akíkanjú ni. Inú mi tilẹ̀ ń dùn pé olè kò ní lè wọlé. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọ aládùúgbò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, wá pọn omi ní kànga wa. Àkùkọ náà kò sáré bá a lójijì. Ó kọ́kọ́ fi ẹ̀gbẹ́ rìn, ó ju ìyẹ́ apá kan sílẹ̀ títí ó fi ń wọ́ nílẹ̀, ó sì ń fi ojú kan wo ọmọ náà. Ọmọ sá. Bí ó ti kẹ́yìn ni àkùkọ fò, nígbà tí ọmọ sì yíjú padà láti wò ó, ìka líle tí ó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ àkùkọ ti ya á ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, díẹ̀ ni ó kù kí ó kan ẹyinjú. Mo san owó ìtọ́jú, mo sì lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀. Àpá náà wà níbẹ̀ dòní, bẹ́ẹ̀ ni ọmọ náà ti di ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ń kí mi lójú pópó.

Ó yẹ kí n pa àkùkọ yẹn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. N kò pa á, nítorí pé àwọn ọmọ rẹ̀ tóbi, oníbàárà sì ń fẹ́ wọn. Mo tì í mọ́lé pẹ̀lú àwọn àgbébọ̀ rẹ̀, mo sì ń kó ẹyin wọn fún adìẹ sàba. Ọdún kejì ni mo tó rí ohun tí mo gbìn: nínú ọmọ rẹ̀ márùn-ún tí ó jẹ́ akọ tí mo dá sí, mẹ́ta ni ó ń lépa ènìyàn kí wọ́n tó pé oṣù mẹ́jọ, oníbàárà méjì sì dá tiwọn padà fún mi. Ní Yunifásítì Linköping ní orílẹ̀-èdè Sweden, àwọn onímọ̀ mú adìẹ igbó pupa ilẹ̀ Éṣíà, ìyẹn irú tí adìẹ ilé ti ṣẹ̀ wá, wọ́n fi àwọn tí kì í bẹ̀rù ènìyàn púpọ̀ bímọ lọ́tọ̀, wọ́n sì fi àwọn tí ó ń bẹ̀rù gan-an bímọ lọ́tọ̀. Kò gbà ju ìran mélòó kan lọ tí ìdílé méjèèjì fi yàtọ̀ sí ara wọn, àwọn tí kò bẹ̀rù sì tún tóbi jù. Ìbẹ̀rù kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú ìbínú, ṣùgbọ́n ohun tí mo rí nínú àgbàlá mi fara jọ ọ́: ìwà wà lára ohun tí bàbá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ.

Síbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ nìkan kọ́. Ọ̀dọ́ àkùkọ tí àwọn ọmọ ilé ń gbé sórí itan, tí wọ́n ń fi ọwọ́ bọ́, tí wọ́n sì ń tì síwá tì sẹ́yìn bí ohun ìṣeré, lè dàgbà tán kí ó máa ka ènìyàn sí àkùkọ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ ẹni ni a sì ń bá jà. Láàrin àwọn àgbébọ̀ tí ó ti gbó ni mo ń tọ́ àwọn akọ mi, nítorí pé àgbébọ̀ àgbà kì í gba ìwọ̀sí: bí ọ̀dọ́ àkùkọ bá fi ipá fà á ní ìyẹ́ orí, yóò yí padà, yóò sì fi àgógó gún un títí yóò fi kọ́ bí a ti ń bẹ̀bẹ̀. Láàrin oṣù kẹrin sí ìkẹfà ni ara wọn máa ń gbóná jù. Bí ọ̀dọ́ àkùkọ bá le mọ́ àwọn abo ní àkókò yìí, mo máa ń fi sùúrù wò ó títí yóò fi tó ọdún kan. Bí ó bá kọjú ìjà sí ènìyàn, n kì í dúró: ìkòkò ọbẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀, kò ní bímọ nílé mi.

Bí mo ṣe ń yẹ ìwà wọn wò nìyí. Ní àárọ̀ kùtù, kí oòrùn tó mú, mo máa ń gbé àpótí sí abẹ́ igi àgbọn tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé adìẹ, n ó jókòó fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láìsọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìwé kékeré kan lọ́wọ́. N ó da ẹ̀kúnwọ́ àgbàdo sí iwájú àkùkọ nìkan. Àkùkọ tí ó níwà yóò tẹ orí ba, yóò máa ké ní ohùn ìsàlẹ̀ tí ó yára, kút-kút-kút, yóò fi àgógó gbé hóró kan, yóò jù ú sílẹ̀, yóò tún un gbé, kò sì ní gbé e mì títí àgbébọ̀ kan yóò fi sáré dé láti ṣá a jẹ. Mo ní ọ̀kan ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn tí ó máa ń fi ara dí àwọn yòókù títí èyí tí ó kéré jù nínú agbo yóò fi rí tirẹ̀ jẹ; títí di òní, n kò tíì rí irú rẹ̀ mọ́. Àkùkọ tí kò níwà yóò jẹ àgbàdo náà tán, yóò sì lé àwọn abo kúrò nídìí rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún ẹlẹ́tàn pẹ̀lú, nítorí pé àkùkọ mìíràn a máa pe abo bí ẹni tí ó rí oúnjẹ nígbà tí kò sí nǹkan kan nílẹ̀, kí ó lè gùn ún bí ó bá ti sún mọ́ ọn. Kì í pẹ́ tí àwọn àgbébọ̀ fi ń mọ irú wọn. Wọn a gbọ́ ìpè náà, wọn kò sì ní gbé orí.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ẹ wo bí ó ṣe ń tọ abo lọ. Ó yẹ kí ó jó yí i ká, kí ó ju ìyẹ́ apá kan sílẹ̀, kí ó sì dúró títí abo yóò fi ba fún un. Ijó yìí kan náà ni àkùkọ ọjọ́ kìíní jó fún ọmọ aládùúgbò mi. Bí ó bá ń jó o fún abo, ó ń tọrọ ni; bí ó bá ń jó o fún ènìyàn, ìjà ni ó ń kéde rẹ̀, ẹ má sì ṣe sáré, ẹ má ṣe kẹ́yìn sí i, ẹ pe àwọn ọmọdé kúrò níbẹ̀ kíákíá.

Igbe méjì ni ó yẹ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu àkùkọ rere nígbà ewu. Bí àwòdì bá ń ràbàbà lókè, yóò ké igbe kan tí ó gùn tí ó sì tín-ín-rín, gbogbo agbo yóò sá sí abẹ́ ewé. Bí ajá tàbí ejò bá ń bọ̀ nílẹ̀, yóò máa ké léraléra, àwọn àgbébọ̀ yóò nàró, wọn yóò sì máa wo apá ibi tí nǹkan ti ń bọ̀. Àwọn onímọ̀ ti gba igbe méjèèjì sórí ẹ̀rọ, wọ́n sì jẹ́ kí àgbébọ̀ gbọ́ wọn láìsí ewu kankan níbẹ̀. Ohun tí igbe kọ̀ọ̀kan wí ni àgbébọ̀ ṣe.

Ẹ̀yìn àgbébọ̀ a máa sọ ohun tí ẹ kò sí nílé láti rí. Lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti sùn sórí igi, mo máa ń fi tọ́ọ̀ṣì wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ìyẹ́ ẹ̀yìn àti ti àtàrí bá ti ń ṣí, ó lè jẹ́ pé akọ pọ̀ jù, tàbí pé abo kò tó. Àkùkọ kan sí àgbébọ̀ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni mo ń lò.

Ní ti ipò nínú agbo, ọmọ ilẹ̀ Norway kan tí ń jẹ́ Thorleif Schjelderup-Ebbe, tí ó ti ń wo adìẹ láti ìgbà ọmọdé, ni ó kọ́kọ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1921: adìẹ kọ̀ọ̀kan mọ ẹni tí òun lè fi àgógó gún àti ẹni tí òun gbọ́dọ̀ yẹra fún. Ní Japan, wọ́n fi hàn ní 2015 pé àkùkọ tí ó wà ní ipò kìíní ni ó máa ń kọ́kọ́ kọ láfẹ̀mọ́júmọ́, kí àwọn yòókù tó tẹ̀ lé e ní ipò-ipò. Láti ìgbà tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń tẹ́tí láti orí ibùsùn, mo sì ń mọ̀ bí ọba bá ti yí padà nínú agbo mi. Akọ méjì tí wọ́n jọ dàgbà lè gbé pọ̀ bí àyè àti abo bá tó, ṣùgbọ́n mo gbé ọ̀kan sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, nígbà tí mo sì dá a padà, wọ́n jà títí ogbe àwọn méjèèjì fi ń ṣẹ̀jẹ̀, bí ẹni pé wọn kò rí ara wọn rí. Ẹ má ṣe fi adìẹ tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀, nítorí pé wọ́n lè ṣá a jẹ pa.

Àwọn àgbà ní ẹsẹ̀ kan ni adìẹ àjèjì fi ń dúró. Ẹ yà á sọ́tọ̀ fún nǹkan bí oṣù kan nítorí lùkúlùkú, àrùn adìẹ tí ó máa ń ràn, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ jẹ́ kí òun àti agbo máa wo ara wọn láti ẹ̀yìn nẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ tó gbé e sórí igi ìsùn wọn lálẹ́. Ẹ má ṣe mú ẹyọ kan wọlé bí ẹ bá lè mú méjì tàbí mẹ́ta, kí ìyà má baà dá lé orí ẹnì kan.

Ẹ̀kọ́ kan kù tí n kò rí ẹni kọ́ mi. Nígbà tí mo pa àkùkọ burúkú yẹn ní ọdún Kérésìmesì, mo gba òmíràn lọ́wọ́ obìnrin kan tí ń sin adìẹ ní ọ̀nà Ẹ̀pẹ́: ọlọ́rùn ṣófo, irú èyí tí ooru kì í tètè mú, tí ìyá àti bàbá rẹ̀ náà jẹ́ ọlọ́rùn ṣófo. Láti ọjọ́ kẹta ni mo ti ń kó ẹyin. Lẹ́yìn ọjọ́ 21 tí àgbébọ̀ ti sàba, òròmọdìẹ 13 jáde, mẹ́rin péré ni ọrùn wọn ṣófo. Àwọn yòókù pupa bí bàbá tí a ti jẹ tán. Àgbébọ̀ a máa tọ́jú àtọ̀ akọ sínú ara rẹ̀, ẹyin tí ó ń yé sì lè máa ní ọmọ ti akọ àtijọ́ nínú fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá pààrọ̀ àkùkọ, ẹ máa jẹ ẹyin tàbí kí ẹ tà á fún jíjẹ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko kí ẹ tó kó èyí tí ẹ fẹ́ kí adìẹ sàba lé. Nígbà tí mo ṣe bẹ́ẹ̀, òròmọdìẹ 12 tí ó jáde tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ni ọrùn wọn ṣófo.

Nínú ìran ọlọ́rùn ṣófo yẹn ni àkùkọ tí ó wà nílé mi báyìí ti wá. Ó ti ń dàgbà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yá mọ́, ọmọ rẹ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ akọ sì wà nínú ìwé mi. Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn sí mi láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, mo sì ti pe alápatà. Èyí tí ó kéré jù ni ó gbé hóró àgbàdo sílẹ̀ fún àgbébọ̀ arọ kan láàárọ̀ òní, lẹ́ẹ̀mejì.