Ilẹ̀ kì í ṣú bá wọn níbí

Ọ̀rọ̀ kan wọ̀ mí létí lónìí ní ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, kò sì fẹ́ jáde. Kì í ṣe èmi ni wọ́n sọ ọ́ fún. Ìyá aláàdìrẹ tí mo máa ń rajà lọ́wọ́ wọn ló ń bá ẹnì kejì wọn sọ̀rọ̀, bí mo ṣe tẹrí ba tí mò ń wá owó nínú báàgì. Ẹnì kejì béèrè pé, "Ṣé oníbàárà yín nìyí?" Ìyá ní, "Àwọn ará Ìbàdàn tó ń wá ṣiṣẹ́ ni. Àlejò ọ̀sán ni wọ́n. Ilẹ̀ kì í ṣú bá wọn níbí."

Wọn ò fi ẹ̀gàn sọ ọ́, ohun tó sì dùn mí nìyẹn gan-an. Ká ní wọ́n fi bú mi ni, ǹ bá ti fèsì, a ó jọ rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Bí ẹni ń sọ pé òjò rọ̀ lánàá ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Wọ́n ká aṣọ mi, wọ́n tún un ká, wọ́n fi sínú ọ̀rá, wọ́n ní, "Ẹ kú ìnáwó, Àǹtí mi. Ẹ bá wa kí ilé o."

Ẹ jẹ́ n yára sọ ti iṣẹ́ kó tán. Ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ ni mo wọ̀ ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ọ̀gá tí mo lọ bá kò wá síbi iṣẹ́. Fáìlì tí mo torí rẹ̀ lọ ṣì wà níbi tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n sí. Owó tí mo fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá mi ṣe ẹ̀dà ìwé kúrò lọ́dọ̀ mi, kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo sì tún san owó mìíràn lọ́wọ́ kó tó jẹ́ kí n lọ. Ó tán.

Kí ló wá dé tí ọ̀rọ̀ Ìyá fi wọ̀ mí lára tó báyìí? Èmi rò pé mo mọ Abẹ́òkúta. Mo mọ ìgbà tí mọ́tò máa ń há sí ojú afárá Láfẹ́nwá. Mo mọ ẹni tó ń ta ìrẹsì ọ̀fadà tí kò lókùúta ní Kútọ̀. Tí wọ́n bá dì mí lójú tí wọ́n jù mí sí Pánṣẹ́kẹ́, ariwo nìkan á sọ fún mi pé Pánṣẹ́kẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ni gbogbo rẹ̀. Olúmọ pàápàá, oòrùn kàn wá lórí lọ́jọ́ tí a gùn ún. Ohun tí mo rántí láti òkè ibẹ̀ ni òrùlé páànù tó ti dógùn-ún, pupa rẹpẹtẹ, títí dé ibi tí ojú mọ, àti bí àpáta náà ṣe ń jó mi lẹ́sẹ̀ nínú bàtà. Báwo ni ibẹ̀ ṣe máa ń rí tí iná bá tàn kálẹ̀ lábẹ́ àwọn páànù yẹn? Ta ni ń sun àgbàdo, ìpàdé wo làwọn èèyàn ń lọ, ta ni ń bá ta jà? Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran.

Nínú ọkọ̀ tí mò ń bọ̀, mo bá Ìyá jiyàn nínú ọkàn mi. Mo ní, Ìyá, ṣé ibí ni àwọn baba ńlá yín ti ṣẹ̀ ni? Ṣé kì í ṣe apá ọ̀dọ̀ wa ni Ṣódẹkẹ́ ti kó àwọn Ẹ̀gbá wá ní 1830, nígbà tí ogun kò jẹ́ kí wọ́n rójú ní Ìbàdàn mọ́? Àlejò ni àwọn náà, abẹ́ àpáta ni wọ́n sá sí. Mo ro ẹjọ́ yẹn dáadáa. Mo tiẹ̀ ń mi orí. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Omi-Àdìó kó tó sọ sí mi lọ́kàn pé, wọ́n sùn. Wọ́n dé, ilẹ̀ ṣú bá wọn, ó mọ́ bá wọn, ó tún ṣú. Ohun tí Ìyá ń sọ náà nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú irin yìí náà sì dá kún un. Mo fẹ́ràn rẹ̀ o, kí n má purọ́. Ẹni tó bá mọ ojú ọ̀nà Bàkàtàrì, tó mọ eruku àti kòtò rẹ̀, tó sì ti wà láàárín akoyọyọ tó ń kó òkúta rí, á mọ̀ pé kò yẹ kí n ráhùn. Ìjókòó dára, afẹ́fẹ́ tutù. Ṣùgbọ́n rélùwéè ayé òyìnbó tó dé Ìbàdàn ní 1901, Dùgbẹ̀ ló wọ̀, ó wọ ìlú. Ní Abẹ́òkúta, Láfẹ́nwá ni ibùdókọ̀ tirẹ̀ wà. Èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, kìlómítà 157 láti Èkó wá, ẹ̀gbẹ́ ìlú ló ń gbà. Orúkọ Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi pe ibùdókọ̀ Abẹ́òkúta, orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni wọ́n fi pe ti Ìbàdàn. Orúkọ ńlá méjèèjì. Èèyàn á sọ̀ kalẹ̀ ní Láderin, á tún bẹ̀rẹ̀ sí ná owó takisí. Á padà dé Mọ́níyà, á tún bẹ̀rẹ̀ sí ná òmíràn dé Àkóbọ̀, nígbà tó ti rẹ̀ ẹ́ dé egungun. Onítakisí tọ̀sán yìí ò ní ṣénjì. Wọn kì í ní ṣénjì.

Mo ti tẹ́ aṣọ náà sórí bẹ́ẹ̀dì báyìí. Àdìrẹ ẹlẹ́kọ ni, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tẹ̀ ní ẹ̀rọ láti Ṣáínà wá tó ń ba ọjà wọn jẹ́. Tí ẹ bá wò ó dáadáa, ẹ ó rí i níbi tí ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ti sán kí wọ́n tó rẹ aṣọ náà sínú aró: ìlà tín-ín-tín-ín wà lára funfun, aró yọ́ gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ̀rọ kò lè ṣe ìyẹn. Èékánná Ìyá pàápàá, aró ti wọ ìdí rẹ̀, kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ mọ́.

Àwòrán tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn sì ni wọ́n yà sí i. Òpó Màpó rèé, gbọ̀ngàn tí wọ́n ṣí ní 1929, wọ́n fi ṣíbí sáàárín àwọn òpó náà. Ìlú mi ni mo lọ rà ní Ìtòkú. Inú mi dùn nígbà tí mo yàn án, mo rò pé Ìyá á rẹ́rìn-ín sí i. Bóyá òun gan-an ló mú wọn sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Mi ò tiẹ̀ bi wọ́n bóyá ilẹ̀ Ìbàdàn ti ṣú bá wọn rí.

Ta ló tiẹ̀ ní dandan ni kéèyàn sùn síbi tó ti ń wá oúnjẹ òòjọ́? Ṣebí àwọn tó ń gbé Mówè tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ńkọ́? Ìdájí ni wọ́n ń jáde, òru ni wọ́n ń wọlé. Ilẹ̀ ń ṣú bá wọn nílé, oòrùn kì í bá wọn níbẹ̀. Àwọn wo ni àlejò nínú ìyẹn? Mo fẹ́ fi ìyẹn dá ara mi lẹ́kun, ló bá yí padà sí mi. Lọ́jọ́ tí ibà dá mi dúró nílé, mo gbọ́ obìnrin kan tó ń kiri èkuru ní àdúgbò wa lọ́sàn-án. Ohùn rẹ̀ dùn. Gbogbo ọmọ tó wà nínú ilé sáré jáde, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, obìnrin náà ń pe tiwọn. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbé ibẹ̀, mi ò gbọ́ ohùn yẹn rí. Ilé mi ni o.

Mi ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ó ti rẹ̀ mí ni.

Mo ṣáà pe Màmá Kékeré, ẹ rántí wọn, àbúrò ìyá mi tó ń gbé nítòsí Aké. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, mo máa ń ní n ó yà kí wọn, ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kì í sì í jẹ́. Mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ wá sùn nígbà tí iṣẹ́ bá tún gbé mi débẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé kò sí o?" Mo ní kò sí. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní, "O ò sùn ọ̀dọ̀ mi látìgbà tí wọ́n ti sin ìyá rẹ." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n ní ṣé mo ṣì ń jẹ láfún. Mo ní mò ń jẹ ẹ́, ká ṣáà fi ewédú sí i. Wọ́n ní àwọn á ti lọ tọ́jú yàrá ẹ̀yìn, pé kí n má torí òjò yẹ̀ ẹ́.

Ó wá ku kí n bá ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ sọ ọ́ pé mi ò ní tètè wọlé lọ́jọ́ kejì, ẹ sì mọ bí ọ̀gá ṣe máa ń...